Orúkọ Tí Mo Gbẹ́ Sára Òkúta

Ohun àkọ́kọ́ tí ìlú yìí gbà lọ́wọ́ mi ni orúkọ mi. Wọn ò jí i, wọn ò sì fi ipá gbà á. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e. Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ wo orúkọ mi lórí ìwé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí ti pọ̀ jù fún ẹnu òun. Ó mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ju ìyókù nù. Kò pẹ́ tí àwọn tí a jọ ń nu ilẹ̀ náà fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Mo sọ fún ara mi pé kò burú, ṣebí iṣẹ́ ni mo wá ṣe.

Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ níí ro ọmọ. Kí ni yóò wá ro ẹni tí wọ́n gé orúkọ rẹ̀ sí ìdajì?

Ẹni tí kò bá dé Peckham ní London rí yóò rò pé Yorùbá ò lè dá wà níbẹ̀. Bí o bá gba Rye Lane kọjá, wàá gbọ́ Ìjẹ̀bú, wàá gbọ́ Ìbàdàn, wàá gbọ́ ọmọ Èkó tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ná ẹja lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣu wà, èlùbọ́ wà, ata rodo wà. Mo rò pé ibi tí iṣu bá wà, àárò ilé ò ní lè rí mi mú. Ṣùgbọ́n oníkálukú ló ń sáré ṣíftì. A ó kí ara wa, a ò ní dúró gbọ́ ìdáhùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀, a máa ń di ara wa lọ́wọ́ mú, a ó kọrin títí ohùn wa yóò fi há. Bí mo bá pàdé ẹni tó dì mí lọ́wọ́ mú nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, fóònù rẹ̀ ló máa tẹjú mọ́. Mi ò bá a wí. Èmi náà ń tẹjú mọ́ tèmi.

Kí n tó kúrò nílé, pátákó ni mò ń kọ ní Abẹ́òkúta. Áátíìsì ni wọ́n ń pè wá. Pátákó aránṣọ, pátákó ilé ìwé, ara ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo rẹ̀ ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ. Bí mo bá kọ lẹ́tà kan tán, mo máa ń sún sẹ́yìn wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde rìn. Ní London, igi ìnulẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

Uncle Délé ló yọ mí níbẹ̀. Àgbà kan ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkọ̀ fáànù ni wọ́n fi ń kó ẹrù fún àwọn ènìyàn. Wọ́n pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn.

"Àbúrò, bàbá Júù kan wà ní Nunhead tó ń gbẹ́ òkúta orí sàréè. Èmi ni mò ń bá a kó òkúta. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ń wá ẹni tó mọ lẹ́tà kọ. Ṣé o ò ní bẹ̀rù òkú?"

"Uncle, alààyè ló ń bà mí lẹ́rù ní ìlú yìí."

Rúbẹ́nì ni bàbá náà ń jẹ́. Ẹ̀yìn àwọn ilé kan tó so mọ́ra wọn ni ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ wà, òkúta dúdú, òkúta funfun, òkúta aláwọ̀ eérú, wọ́n tò gbárajọ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó dé fìlà pẹlẹbẹ kan tó bo àtàrí rẹ̀ nìkan. Kò bi mí nípa ìwé ẹ̀rí. Ó fún mi ní pẹ́ńsù, ó ní kí n kọ lẹ́tà kan tó bá wù mí. Mo kọ ọ́. Ó wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ rẹ kì í sáré ṣáájú ojú rẹ," ó ní. "Kí ni orúkọ rẹ?"

Mo sọ ìdajì náà fún un.

"Èyí tí ìyá rẹ sọ ọ́ ni mò ń béèrè."

Mo pè é fún un ní odindi. Ó tún un pè, kò rí i pè dáadáa. Mo tún un ṣe. Ó tún gbìyànjú. A dúró síbẹ̀ láàárín òkúta àwọn òkú, bàbá arúgbó ń kọ́ orúkọ mi bí ọmọ ilé ìwé, títí ó fi pè é bó ṣe tọ́. Mojí ìyàwó mi ò tíì dé sí London nígbà náà, yàtọ̀ sí fóònù, mi ò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Ó ń gbẹ́ òkúta fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ti àwọn Júù ló kà sí iṣẹ́ gidi. Ó kọ́ mi ní lẹ́tà Hébérù láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti rí orúkọ wọn rí. Nínú Ìwé Mímọ́ màmá mi, orin gígùn kan wà tí àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì kéékèèké jókòó sórí ìpín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a máa ń fò kọjá nígbà àdúrà ilé: Álẹ́fì, Bẹ́tì, Gímẹ́lì. A rò pé kò ní ìtumọ̀.

Rúbẹ́nì ní àwọn lẹ́tà náà gan-an ni gbogbo ìtumọ̀. "Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ayé sì wà. Kí ni ọ̀rọ̀? Lẹ́tà ni. Àwọn baba wa máa ń pe lẹ́tà ní òkúta, wọ́n a sì pe ọ̀rọ̀ ní ilé. Lẹ́tà méjìlélógún yìí ló fi mọ ayé. Tó bá yọ ẹyọ kan báyìí, ohun gbogbo á ya lulẹ̀. Nítorí náà, má sáré."

Bí a bá ń mu tíì, ó máa ń sọ ìtàn wọn. Ó ní kí ayé tó wà, àwọn lẹ́tà náà tò lọ síwájú Ọlọ́run, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun bẹ̀rẹ̀. Ó dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ burúkú kan wà tí kálukú wọn bẹ̀rẹ̀. Bẹ́tì ló mú, torí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbùkún. Ìtumọ̀ Bẹ́tì sì ni ilé.

"Àwa náà ní," mo wí fún un, "ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ."

Inú rẹ̀ dùn débi pé tíì dànù sí i lára.

Àmọ́ Álẹ́fì ló fẹ́ràn jù. Kò ní ohùn. Ẹnu tó yà láti sọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ ọ́ ni. Bí wọ́n bá kọ "òtítọ́" ní èdè wọn, Álẹ́fì ló ṣáájú, bí o bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù ni "kú." Ó gbẹ́ méjèèjì sára àfọ́kù òkúta hàn mí, ó fi ọwọ́ bo Álẹ́fì, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún fi bò ó. Òtítọ́. Kú. Òtítọ́. Kú.

Èyí tó wọ̀ mí lára ni ti àwọn àmì kéékèèké wọn. Lẹ́tà Hébérù ò ní fáwẹ̀lì nínú, àmì bíńtín bí ojú abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi sí i lábẹ́ àti lókè. Ó ní àwọn baba òun sọ pé lẹ́tà ni ara, àmì ni ẹ̀mí tó ń mú un rìn. Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ fún un, mo sọ ìtumọ̀ wọn: ọkùnrin ilé, irin oko, ohun ìrìnnà, ohun ogun. Ó di orí mú.

"Ara kan, ẹ̀mí mẹ́rin," ó ní.

Nígbà tí mo ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo ronú kan orúkọ mi lórí gbogbo káàdì àti ìwé tí ìjọba ibí fún mi. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ara lásán. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rò pé ẹlòmíràn ló ń gbé ìgbé ayé tí mò ń gbé.

Mojí dé. A ń gbé yàrá kan nínú ilé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan, níbi tí kánsù ti wó àwọn ilé North Peckham àtijọ́, tí wọ́n sì kọ́ tuntun síbẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ara wa kọ́kọ́ le sí ara wa, bí ẹni tó gbàgbé orin tó mọ̀. Nígbà tó yá, ó lóyún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí oòrùn lára ògiri bíríkì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní Peckham Rye wo àwọn tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Ní oṣù yẹn kan náà ni Rúbẹ́nì jẹ́ kí n dá gbẹ́ òkúta kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Hébérù lókè, Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Ọmọ olóògbé tí mo gbẹ́ òkúta náà fún wá, ó fi ìka tọ orúkọ ìyá rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, ó ní, "Ó dà bíi pé òun ló fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀." Mo pe màmá mi nílé, mo ní, "Màmá, wọ́n yìn mí." Wọ́n ní, "Orí rẹ ló ń ṣe é. Ọmọ wa tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ilésànmí la pinnu láti sọ ọ́. Èmi ni mo mú un wá.

"Ilé wo ló sàn wá níbí?" Mojí bi mí. "Yàrá tí a ò lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀?"

"Òun gan-an ni ilé náà," mo ní.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, á ní, "Ilésànmí, rọra fún mi." Bó bá jẹun tán, á bi í bóyá ó tó o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ku díẹ̀ kó bí, Mojí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Kò mira," ó ní. "Láti àná, kò mira."

A lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé ikùn rẹ̀, ó ń yí i kiri. Ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ó yí i kiri. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ pe dókítà, dókítà náà yí i kiri, ó sì di ọwọ́ Mojí mú kó tó sọ̀rọ̀, a ti mọ̀ ká tó gbọ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, pé nígbà mìíràn ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mojí bí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ọkùnrin ni. Irun kún orí rẹ̀, èékánná rẹ̀ pé, ó jọ bàbá mi níbi ètè. Wọ́n ti sọ fún mi pé kò sí láyé, síbẹ̀ mo ń retí igbe. Ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀.

Obìnrin jẹ́jẹ́ kan wá bá wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó béèrè orúkọ tí a fẹ́ kó kọ sílẹ̀ fún ọmọ. Ó ní kò pọn dandan, a lè má kọ nǹkan kan. Mojí ti sùn. Mo jáde lọ pe màmá mi.

Wọ́n sunkún, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé wí. "Gbọ́ mi. Má sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ tí kò tíì gba orúkọ, àlejò ni, jẹ́ kí àlejò máa lọ. Bí o bá sọ ọ́ lórúkọ, o ti so ó mọ́ yín lọ́rùn nìyẹn. Má sì tẹ̀ lé wọn débi tí wọ́n máa sin ín. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀."

"Màmá, àwọn ará ibí máa ń lọ."

"Ṣé ará ibẹ̀ ni ọ́?"

Mo pa fóònù, mo padà wọlé lọ bá Mojí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa nílé. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbàdúrà. Aunty kan tó ní ọkàn rere di Mojí mọ́ra, wọ́n ní, "Ṣé o rí i, omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Mojí gbé orí sókè. Láti ilé ìwòsàn, kò tíì sọ gbólóhùn kan tó délẹ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ mi ní omi."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde lọ. Nígbà tó ku àwa méjì, mo sọ ohun tí màmá mi wí fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Ó ti ní orúkọ," ó ní. "Mo ti ń pè é. Ṣé wọ́n fẹ́ kí n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Mo padà síbi iṣẹ́ torí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè dúró sí. Rúbẹ́nì ti gbọ́ lẹ́nu Uncle Délé. Kò sọ pé Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe. Ó fa àga kan fún mi, ó jókòó tì mí. Ó ní ìyá òun bí ọmọbìnrin kan ṣáájú òun, tí kò mí. Nínú ìṣe àwọn Júù, ojú oórì ni wọ́n ti ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ, kí Ọlọ́run lè rí ohun tí yóò fi pè é lọ́jọ́ tó bá ń jí òkú. Ó ní inú àwọn lẹ́tà orúkọ ènìyàn ni ìyè ń gbà ṣàn wọ inú rẹ̀ láti òkè wá.

"Ṣé ẹ gbà á gbọ́, Bàbá?"

"Ìyá mi gbà á gbọ́. Èmi, ọjọ́ mìíràn mo gbà á gbọ́, ọjọ́ mìíràn mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi."

A lọ sójú oórì, èmi àti Mojí. Òjò winniwinni ń rọ̀. Uncle Délé tẹ̀ lé wa, pásítọ̀ ka ẹsẹ díẹ̀. Pósí náà kéré débi pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló gbé e, bí ẹni gbé àpótí bàtà. Nígbà tó tó àkókò láti pe orúkọ náà, Mojí lanu, ohùn ò jáde. Ó tún lanu. Ó wò mí. Mo dojú kọ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ náà, mo pè é ní ohùn rara, bí mo ṣe máa ń gbọ́ tí àwọn ìyá ń pe ọmọ wálé nírọ̀lẹ́ ní àdúgbò wa: "Ilésànmí o!"

Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá pè é, nǹkan kan yóò yí padà nínú mi. Ọkọ̀ ojú irin kọjá lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀.

Nígbà tó yá, Rúbẹ́nì gbé òkúta kékeré kan fún mi, aláwọ̀ eérú, tó dán. Mo gbẹ́ orúkọ náà sí i. Àmì ohùn ló kù. Rúbẹ́nì ní lórí òkúta tiwọn, wọn kì í sábà gbẹ́ àwọn àmì kéékèèké yẹn. Lẹ́tà nìkan ni, ẹni tó bá dúró kà á ni yóò fi ẹ̀mí sí i.

"Ta ni yóò dúró kà á níbí tó mọ bí wọ́n ṣe ń pè é?" mo bi í.

Ó ti òkúta náà sún mọ́ mi. Mo gbẹ́ gbogbo àmì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti gbẹ́ èyí tó kẹ́yìn tán ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

"Bàbá, ẹ ní lẹ́tà ni Ọlọ́run fi dá ayé. Ẹ ní nínú rẹ̀ ni ìyè ń gbà. Mo ti to ti ọmọ mi, kò sí èyí tí mo yọ sílẹ̀. Mo ti pè é. Kí ló dé?"

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀, ó tún dé e.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ọmọ mi, mi ò mọ̀."

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí pé kò parọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni ohun kan kú nínú mi. Mò ń gbẹ́ lẹ́tà títí di òní, ọwọ́ mi sì tún dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò kàn retí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn mọ́.

Mo sọ fún màmá mi pé a ti sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní, "O ti ṣe é náà. Ẹnu mi ò ní í pè é." Láti ìgbà náà, orúnkún wọn la máa ń sọ, àti iná mànàmáná tí kò dúró. Wọn kì í béèrè ohunkóhun tó lè mú ọ̀rọ̀ náà wá.

Nígbà tí wọ́n fi òkúta náà sórí oórì, Mojí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó kà á. Ó yẹ kó dùn mọ́ mi pé ó kà á dáadáa. Lójú ọ̀nà sílé, ó ní òun ò lè gbé ìlú tí òun ti ń ka orúkọ ọmọ òun lára òkúta. Kò bínú. Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pè mí. "Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Mo máa ń ní, "Láìpẹ́." Àwa méjèèjì mọ̀ pé mi ò mọ ohun tí láìpẹ́ jẹ́. Uncle Délé náà ní kí n máa lọ bá ìyàwó mi, pé kí ni mò ń ṣọ́ níbí.

Nílé wa, inú ọgbà ilé là ń sin òkú sí. Ìyá bàbá mi wà lábẹ́ fèrèsé tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ kan jẹ́ ti ìdílé kan, a máa ń béèrè ẹni tó sùn níbẹ̀. Mi ò ní ilẹ̀ ní ìlú yìí. Ìwé ìgbé-ìlú mi gan-an ní ọjọ́ tí yóò parí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè ẹni mi tó sùn níbí, mo ní ìdáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ tu koríko tó ń hù yí i ká. Ìyá òyìnbó kan tó ń bomi rin òdòdó lórí oórì ọkọ rẹ̀ kí mi. A ti ń rí ara wa níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bi mí nípa ibi tí mo ti wá, mo sọ fún un. Ó ní oòrùn ibẹ̀ á dára. Mo ní ó dára.

"Ṣé wàá padà sílé lọ́jọ́ kan?" ó bi mí, tìfẹ́tìfẹ́.

Iyẹ̀pẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ méjèèjì. Mo fi orí júwe ìsàlẹ̀.

"Ọmọ mi ń gbé ibí, Mà."

Ó wo òkúta náà, ó ń gbìyànjú láti ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Kò rí i kà. Ó gbé garawa omi rẹ̀, ó sì bá mi bomi rin ilẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbin nǹkan kan síbẹ̀.